Òpópónà Ṣáájú, Kàtídírà Tẹ̀lé e: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Fọ́tò Yíyà ní Ìlú Canterbury

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà sọ, ní ìpalẹ̀mọ́ ìrìn-àjò wa sí Canterbury. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, mo júbà. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tààrà kí ẹ lè bá wa pé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ké sí mi. Wọ́n ní kí n wá sọ bí ènìyàn ṣe ń ya àwọn òpópónà àti àwọn ohun ìrántí ìlú Canterbury ní agbègbè Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú tí mo ti ń gbé láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nítorí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù tó ń bọ̀ yìí, gbogbo wa la ó jọ lọ síbẹ̀.

Kí n tó dárúkọ kámẹ́rà rárá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù, ọdún 1864? Ta ló mọ̀ ọ́n? Mo rí ọwọ́ Bàbá lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ ṣeun sà. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown, òun ló kúnlẹ̀ níwájú Áásíbíṣọ́ọ̀bù Charles Longley, tó sì dìde gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ Áńgílíkà. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, wà láàrin ìjọ lọ́jọ́ náà. Ìyáàfin Weeks, tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà ní Sierra Leone, náà wà níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ ẹrú, ọ̀gá ọkọ̀ tó yọ ọ́, àti ìyá tó kọ́ ọ ní ìwé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ òrùlé kan náà lẹ́yìn ọdún méjìlélógójì.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Púpọ̀ nínú wa ni yóò dé Canterbury bí àlejò, tí yóò wo òkúta gíga, tí yóò wo fèrèsé aláràbarà, tí yóò sọ pé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá inú kàtídírà yẹn, ọdún 1377 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1405. Àwọn òpó inú rẹ̀ ti dàgbà ju irínwó ọdún lọ nígbà tí Àjàyí gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè sí wọn, ẹ rántí èyí.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo wá sọ lónìí gan-an kò sí nínú kàtídírà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, gbogbo ohun tí n ó bá sì sọ, orí rẹ̀ ni yóò máa padà sí: ẹ ya òpópónà kí ẹ tó ya kàtídírà. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ bí a bá ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ojú kí kámẹ́rà tó dé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Canterbury, mo ya fọ́tò tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo. Kàtídírà ni gbogbo wọn. Mo délé, mo tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà, inú mi bàjẹ́. Gbogbo èyí tó dára nínú wọn ló jọ káàdì tí wọ́n ń tà fún àlejò ní ẹnu ọ̀nà. Gbogbo èyí tí kò dára, ńṣe ni ilé ìṣọ́ gogoro àárín, èyí tí wọ́n ń pè ní Bell Harry, fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tí mo lè jókòó sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ mi. Mo ti ya ohun tí n kò mọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a wo ilé náà díẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 597, ajíhìnrere kan tó ń jẹ́ Augustine, tí Póòpù Gregory rán láti Róòmù, gúnlẹ̀ sí Kent. Ọba ibẹ̀, Ethelbert, kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n olorì rẹ̀, Bertha, tó wá láti ilẹ̀ àwọn Frank ní òdìkejì òkun, ti ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí à ń pè ní St Martin's kí Augustine tó gúnlẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà, wọ́n ṣì ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí di òní. Mo rọ̀ yín kí ẹ má fò ó. Kékeré ni, àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ẹ óò sì rí bíríkì pupa àwọn ará Róòmù ìgbàanì nínú ògiri rẹ̀, ní ibi tí ẹ lè fọwọ́ kàn.

Ní ti kàtídírà fúnra rẹ̀, Áásíbíṣọ́ọ̀bù Lanfranc ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ ní ọdún 1070, lẹ́yìn tí iná jó èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1170, àwọn jagunjagun mẹ́rin tó jẹ́ ti Ọba Henry Kejì wọlé, wọ́n sì pa Áásíbíṣọ́ọ̀bù Thomas Becket sínú ilé Ọlọ́run. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, iná tún jó apá ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí, wọ́n sì pe William ará Sens láti ilẹ̀ Faransé kí ó wá tún un kọ́. Ó já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn iṣẹ́ ní 1178, ó farapa, William mìíràn tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló sì bá a parí rẹ̀. Bell Harry ní tirẹ̀ kò dé títí di òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72.

Kí ni ìtàn yìí wúlò fún lójú ẹni tó gbé kámẹ́rà? Ó wúlò púpọ̀. Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù, tí ẹ tọ ògiri náà láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ẹ óò rí i pé orí fèrèsé ní apá iwájú rí ṣóńṣó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń lọ sẹ́yìn, ẹ óò bá ọ̀nà òrùka róbótó tí wọ́n fín sára ògiri, tí wọ́n wé mọ́ ara wọn bí irun dídì. Èyí tó rí róbótó ló dàgbà jù. Ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ibi tí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti fara kan ara wọn. Fọ́tò ibi ìpàdé yẹn sọ ju fọ́tò gbogbo ilé náà lọ, n kò sì tíì rí i lórí káàdì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ mìíràn tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní ibi tí wọ́n ti pa Becket, wọ́n gbé ohun ìrántí kan kọ́ sára ògiri ní ọdún 1986. Idà méjì ni. Ìmọ́lẹ̀ iná wá ń ju òjìji idà méjèèjì sára ògiri, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè di mẹ́rin, nítorí pé àwọn apànìyàn náà jẹ́ mẹ́rin. Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó dúró níwájú rẹ̀, tó ń fi fìlááṣì yà á léraléra. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi fọ́tò tó yà hàn mí. Fìlááṣì ti pa òjìji rẹ́ pátápátá. Méjì nínú àwọn mẹ́rin ti sá lọ! Mo ní kí ó pa fìlááṣì, kí ó fi ẹ̀yìn ti òpó, kí ó mí sínú, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tó rí èyí tó yà lẹ́yìn náà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi mí ta ni Becket. Òjìji gan-an ni iṣẹ́ ọnà náà, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ìdọ̀tí ara ògiri ni.

Oòrùn àti ibi ìdúró

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀rọ̀ ọwọ́. Kàtídírà náà dùbúlẹ̀ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, bí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá lójú ọ̀run. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gúúsù kàtídírà ní ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀gbẹ́ àríwá sì wà nínú òjìji fún ọ̀pọ̀ jù nínú ìgbà òtútù. Ṣùgbọ́n oṣù Okúdù la ń lọ! Ní ìparí oṣù náà, oòrùn máa ń yọ ní nǹkan bí agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, apá àríwá ìlà oòrùn ló sì ti ń yọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ àríwá tó wà lókùnkùn láti oṣù Ọ̀pẹ yóò rí oòrùn gbà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́. Òkúta kàtídírà náà, Caen ní Normandy ni wọ́n ti gbé e gba orí òkun wá, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ògì tí wọ́n da oyin díẹ̀ sí. Ní ọ̀sán gangan, ńṣe ló funfun tí kò ní adùn. Ní agogo mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́ oṣù Okúdù, ó pọ́n bí wúrà.

Ní ti ilé ìṣọ́ tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú fọ́tò mi ọjọ́un, ohun tó fà á kò le. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ilé gíga, tó wá gbé ojú kámẹ́rà sókè, àwọn ìlà ògiri yóò máa wọ́ sún mọ́ ara wọn lókè. Bí kámẹ́rà bá dúró tọ́, tí kò wo òkè, tí kò wo ilẹ̀, ìlà ògiri náà yóò dúró tọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni orí ilé yóò ṣe wọ inú fọ́tò bí kámẹ́rà kò bá wo òkè? Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ fẹ̀yìn rìn. Ẹ tún fẹ̀yìn rìn sí i. Bí ògiri kò bá jẹ́ kí ẹ lè fẹ̀yìn rìn mọ́, ẹ wá ibi gíga, kí ẹ̀yin náà lè gòkè díẹ̀.

Ibi gíga tí mo fẹ́ràn jù ni orí òkè tí yunifásítì Kent wà, ní àríwá ìlú. Láti ibẹ̀, gbogbo Canterbury wà nísàlẹ̀ bí ìlú tó wà nínú àwo, kàtídírà sì jókòó láàrin rẹ̀ bí ìyá láàrin àwọn ọmọ. Ní ọ̀sán, oòrùn wà lẹ́yìn kàtídírà, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn tó lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán máa ń padà wá sọ pé ibẹ̀ kò dára. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, lẹ́ńsì tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ sì ṣe sùúrù. Àgbà tó ní sùúrù, ohun gbogbo ló ní.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò dé kàtídírà. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni Mercery Lane, ọ̀nà tóóró kan tí òkè àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nà jáde sí ara wọn, tí ẹnubodè Christ Church sì wà ní òpin rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àmì oyè aláràbarà. Lójú ẹnubodè yẹn ni ère Jésù wà, èyí tí Klaus Ringwald, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi idẹ ṣe ní 1990, nítorí pé wọ́n ti fọ́ ti àtijọ́ nígbà ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Bí agogo mẹ́wàá bá lù, Mercery Lane ti kún fọ́fọ́, orí ènìyàn nìkan lẹ óò yà. Ní agogo méje àárọ̀, ẹ̀yin àti ẹyẹlé àti ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ fèrèsé nìkan ni n ó fọwọ́ bà. Díẹ̀ nínú àwọn gíláàsì wọ̀nyẹn ti wà láti ọ̀rúndún kejìlá. Kámẹ́rà kò ní ojú bíi tiwa, kò lè rí gíláàsì tó ń tàn àti òkúta tó ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó ronú fúnra rẹ̀, yóò mú òkúta, yóò sì sọ gíláàsì di funfun gbòò. Ojú gíláàsì ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, kí òkúta di dúdú. Ẹ jẹ́ kí ó dúdú. Àwọ̀ búlúù yẹn ni ẹ wá wò.

Òpópónà

Nísinsìnyí, mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà. Ní ọdún kẹta tí mo dé Canterbury, mo ń ya ilé ìṣọ́ kan tó dá dúró ní òpópónà St George's, ilé ìṣọ́ tí aago wà lára rẹ̀, tí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan, aláwọ̀ funfun, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń yà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Christopher Marlowe, òǹkọ̀wé eré ìtàgé, ní ọdún 1564. Ó mi orí. Ó ní òun kò sọ̀rọ̀ Marlowe. Ó nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ilé ìṣọ́ náà, níbi tí àwọn ilé ìtajà ìgbàlódé wà, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù bàtà bàbá mi wà."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìyá náà nígbà náà. Òru tó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù Okúdù, ọdún 1942 ni. Àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì dé, wọ́n sì sọ bọ́ǹbù sórí ìlú náà, nítorí pé lásìkò yẹn àwọn ìlú àtijọ́ tó lẹ́wà ni wọ́n ń fojú sùn, láti fi gbẹ̀san àwọn ìlú tiwọn tí bọ́ǹbù Gẹ̀ẹ́sì ti bàjẹ́. Lórí òrùlé kàtídírà, àwọn ènìyàn tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ iná wà níbẹ̀ ní gbogbo òru náà, tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù oníná sílẹ̀ kí ó tó ran òrùlé. Kàtídírà yè. Òpópónà St George's kò yè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà àti bàbá rẹ̀ rìn wá wo ṣọ́ọ̀bù, bíríkì gbígbóná ni wọ́n bá. Àwọn àwòrán ìdílé tó wà nínú yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù ti jóná pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbàgbé títí di òní. Ó ní, "Láti kékeré mi ni mo ti ń wá a. Wọ́n ya kàtídírà, wọ́n ya ilé ìṣọ́, wọ́n ya ẹnubodè. Kò sí ẹni tó ya ṣọ́ọ̀bù bàbá mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tí gbogbo ayé ń yà kò ní sọnù lójú ayé, bí ó tilẹ̀ wó lọ́la. Ohun tí a rò pé kò tó nǹkan, ṣọ́ọ̀bù bàtà, ilé onígbàjámọ̀, pátákó orí ìlẹ̀kùn, ibùdókọ̀, òun ló ń lọ láìsí ẹlẹ́rìí.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Àjàyí. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1891. Itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba fẹ́ lo ilẹ̀ náà fún iṣẹ́ mìíràn, wọ́n sì hú òkú rẹ̀ ní 1976, wọ́n gbé e lọ sí kàtídírà tó wà ní Marina, pẹ̀lú ìsìn ọ̀wọ̀. Ẹ lè lọ wo ibojì rẹ̀ níbẹ̀ lónìí, ẹ sì lè yà á. Ṣùgbọ́n Àjẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ibojì yòókù, àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ àárín wọn, ògiri rẹ̀, àwọn igi rẹ̀? Nínú gbogbo àwa tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ta ló ní fọ́tò itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ nílé? ... Mo ti bèèrè ìbéèrè yìí ní ibi púpọ̀. Bí ó ti dákẹ́ níbí yìí ló máa ń dákẹ́.

Láti ọjọ́ tí ìyá oníbàtà bá mi sọ̀rọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń rìn láti ilé ìṣọ́ St George's gba àárín ìlú títí dé Westgate, ẹnubodè olókùúta tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1380, èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹnubodè ìlú tó ṣẹ́kù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo máa ń ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo máa ń ya ẹ̀gbẹ́ òsì, láti ojú kan náà, pẹ̀lú lẹ́ńsì kan náà. Mo máa ń kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ilé sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dùn ún wò. Ìyàwó mi bi mí nígbà kan pé ìgbà mélòó ni n ó ya ilé ìtajà bisikíìtì. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá to àwọn fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ènìyàn ń mí ni òpópónà náà ṣe rí: báńkì di ilé oúnjẹ, ilé oúnjẹ di ilé fóònù, ilé fóònù ti ìlẹ̀kùn, obìnrin kan láti Ghana ṣí ilé irun síbẹ̀.

Ní ọ̀nà yẹn, ẹ óò gba orí odò Stour kọjá, ẹ óò sì rí ilé onígi dúdú àti funfun tó tẹ́ ẹ̀gbẹ́ omi, tí wọ́n ń pè ní ilé àwọn ahunṣọ. Ahunṣọ wo? Àwọn Pùròtẹ́sítáńtì tó sá àsálà fún ẹ̀mí wọn láti ilẹ̀ Faransé àti àwọn ilẹ̀ tó súnmọ́ ọn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Wọ́n fún wọn láyè láti jọ́sìn ní yàrá ìsàlẹ̀ kàtídírà, títí di òní olónìí wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn ní èdè Faransé níbẹ̀. Ẹ wo àlejò tó pẹ́ ní ìlú tó ju irínwó ọdún lọ, tí kò sọ èdè rẹ̀ nù! Bí mo bá dé iwájú ilé yẹn, mo máa ń dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ní Palace Street, ẹ óò rí ilé kan tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó sùn sórí àga, tí wọ́n gé ìlẹ̀kùn rẹ̀ wọ́ kí ó lè bá férémù mu. Gbogbo ayé ló ń ya ìlẹ̀kùn náà. Ẹ yà á, kò burú. Lẹ́yìn náà, ẹ yí padà, kí ẹ ya ohun tó kọjú sí i.

Ìwà ayafọ́tò

Ọ̀rọ̀ òfin kò ní pẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó dúró ní ìta gbangba lè ya ilé tó rí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti ọdún 1988, ní abala 62, sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú yíya ilé tàbí ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ títí lọ ní ibi tí gbogbo ènìyàn lè dé, kódà bí ẹ bá fẹ́ ta fọ́tò náà. Àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri kò sí lábẹ́ ààbò abala yìí, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Inú kàtídírà yàtọ̀, onílé ló ń ṣòfin ilé rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí a ya fọ́tò ní yàrá ìsàlẹ̀, ẹ pa kámẹ́rà mọ́ níbẹ̀, kí ẹ fi ojú lásán wo ère tí oníṣẹ́ ọnà Antony Gormley fi àwọn ìṣó àtijọ́ láti òrùlé kàtídírà ṣe, tó so rọ̀ lójú òfurufú bí ènìyàn tó ń sùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà wọlé, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè. Bí ìsìn ìrọ̀lẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ orin.

Ní ti ènìyàn, ohun tí òfin gbà láàyè kọ́ ni gbogbo ohun tó yẹ ọmọlúàbí. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ní Mercery Lane tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kí i ní àárọ̀ kí n tó tọrọ fọ́tò rẹ̀. Ó dúró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìgbálẹ̀ ti èjìká. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ló sọ fún mi pé ìyá òun ti fi kọ́ ògiri pálọ̀ ní Romania. Fọ́tò tí mo yà ní Canterbury tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, kàtídírà wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn èjìká rẹ̀, ní kékeré.

Mo ti fẹ́ parí ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù, ọkọ̀ wa yóò gbéra ní agogo márùn-ún àárọ̀, ẹ dákun, ẹ má ṣe é ní agogo Yorùbá. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú ìwé kékeré àti ohun ìkọ̀wé dání, kí olúkúlùkù lè kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé tó bá yà. Ní ọ̀sán, a ó wọ kàtídírà, a ó dúró ní gbọ̀ngàn ńlá níbi tí Àjàyí gbà kọjá, Bàbá lẹ́yìn lọ́hùn-ún ti gbà láti ka orí kan fún wa nínú Bíbélì Yorùbá. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó gun òkè yunifásítì lọ dúró de oòrùn.

Ṣùgbọ́n ní agogo méje àárọ̀, ilé ìṣọ́ St George's ni kí ẹ ti bá mi. Ìyá oníbàtà ti kú ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù náà fún mi sórí bébà kí ó tó lọ: fèrèsé méjì, ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé láàrin wọn, bàtà ọmọdé pupa kan nínú fèrèsé ọwọ́ òsì. N ó mú un dání.